Ilẹ̀kùn Tí Mo Tì

Ẹni tó bá wà ní Santasi báyìí, ẹ bá mi dá ọkọ̀ akérò trotro pupa tí wọ́n kọ "Alihamudulilahi" sí lẹ́yìn dúró!

Ọ́fíìsì wa ní Adum ni mo wà. Èmi ni mo kọ ètò kọ̀ǹpútà tó ń gba iṣẹ́ tí bíréèkì ọkọ̀ bá rán, tó sì ń fi í han awakọ̀.

Tí iṣẹ́ kan bá dé, ètò náà á ti ilẹ̀kùn kí òmíì má dí i lọ́wọ́. Tó bá jíṣẹ́ náà tán, á tún ṣí ilẹ̀kùn.

Mo gbàgbé láti kọ pé kó ṣí i.

Hafiz tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ń nàka sí kọ̀ǹpútà. Láti àárọ̀, bíréèkì ti kígbe lẹ́ẹ̀mẹ́rìnlélógójì pé óìlì òun ń tán. "Bíréèkì dára" ti ìdájí ni awakọ̀ ṣì ń wò.

"Charley, ọ̀rẹ́ mi, pe awakọ̀ náà!"

Mo pè. Ó ń dún. Mo tún pè.

"Kí ló dé tí kò gbé e?"

Wọn ò ní gbé e. Lẹ́yìn jàǹbá ọdún tó kọjá, èmi ni mo ní kí wọ́n fi Kùránì búra pé àwọn ò ní gbé fóònù mọ́ nídìí ọkọ̀.

Bàbá mi kì í yẹhùn.