Ta Ló Fọwọ́ Kan Aago?

"Ó tún lé mi jáde," ni akọ̀wé àgbà ọsibítù kékeré kan ní Bẹẹrẹ wí, ó sì jókòó padà gbìì. "Bí mo bá ti tan án tẹ́lẹ̀, fúnra rẹ̀ ló máa ń gbà mí wọlé. Lónìí, ó lóun ò mọ̀ mí rí. Àbí mo ti sanra sí i ni?"

Karimat, tó ń tọ́jú kọ̀ǹpútà wọn, kò rẹ́rìn-ín. Kọ̀ǹpútà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló kọ̀ tí kò ṣí, àwọn aláìsàn kún ìta, dókítà tó ni ibẹ̀ sì ti búra pé ẹni tó bà á jẹ́ máa lọ sílé lónìí.

"Ọmọ mi, kí ló ṣe é gan-an?"

"Màmá, kọ̀ǹpútà ńlá wa yìí ló ń jẹ́rìí wa fún èyí tó wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Aago rẹ̀ ti fi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yá jù, ìyẹn ò wá gbà á gbọ́ mọ́ nítorí aago wọn ò bára mu. Ẹnìkan ló fọwọ́ kàn án."

Akọ̀wé mọ ẹni náà dáadáa. Òun ló tì í síwájú lánàá, nígbà tí Karimat lọ jẹun, bí wọ́n ṣe máa ń ti aago ògiri síwájú nílé wọn ní Àrẹ̀mọ kí ìrun má baà bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Oṣù méjì ló sì kù kó fẹ̀yìn tì.

Karimat wo ojú rẹ̀, ó yé e.

Dókítà, tó ti ń gbọ́ wọn láti ẹnu ọ̀nà, wọlé. "Ta ló fọwọ́ kan aago?"

"Èmi ni, sà," ni Karimat wí.

"Ó dáa. Kó ẹrù rẹ."

Akọ̀wé dìde, ó bá Karimat gbé báàgì.