Ikọ́ Ẹ̀rí

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni lẹ́tà tó Ìbírónkẹ́ lọ́wọ́ pé àwo orin tuntun ẹgbẹ́ wọn ti jáde lọ́jọ́ Ajé. Orin mọ́kànlá ni, gbogbo rẹ̀ jẹ́ mẹ́tálì wíwúwo, orin gìtá aláriwo tó ń falẹ̀ bí ìsìnkú, èyí tí wọ́n ń pè ní dúùmù. Ohùn Ìbírónkẹ́ ló ń bú ramúramù nínú wọn, bẹ́ẹ̀ kò kọ ẹyọ kan níbẹ̀.

Bó ṣe gbọ́ ọ tán ni Láníyọnu, olórí ẹgbẹ́, wọlé, tó na ẹ̀rọ ìgbakọ́ sí i lẹ́nu. Òfin ni pé kí ẹni tó ni ohùn wúkọ́ sínú rẹ̀ kí ọjọ́ méjì tó pé lẹ́yìn tí àwo bá jáde, kí ìjọba lè mọ̀ pé alààyè ni. Àwo tí kò bá ní ikọ́, wọ́n á pa á rẹ́.

"Àbúrò, wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan péré. Àwo mìíràn ń bọ̀ lọ́la."

"Adìyẹ àgíríìkì gan-an kì í yé tó báyìí, ẹ̀gbọ́n. Ta ló kọ ọ́?"

"Ẹ̀rọ tó ń sín ohùn ẹ jẹ ni. Ó mọ ìbànújẹ́ ẹ jù ọ́ lọ."

Ìbírónkẹ́ yínmú. Nínú orin kẹrin, ẹ̀rọ náà ń sunkún ìyá arúgbó kan. Ọmọ ọgbọ̀n ọdún ni ìyá tirẹ̀ nígbà tó kú.

"Ọmọ yìí, má ṣe yàǹgà. Ikọ́ lásán ni mo ní kí o wú."

Ìbírónkẹ́ fọwọ́ ti ẹ̀rọ ìgbakọ́ náà padà sí i láyà.

"Ẹ̀gbọ́n Láníyọnu, mi ò ní wúkọ́. Kí wọ́n pa á rẹ́. Mo sì ti kúrò nínú ẹgbẹ́ yín."