Ohun Kan Ṣoṣo Tó Jẹ́ Ojúlówó

Oúnjẹ àti ohun mímu ni ayafọ́tò náà máa ń yà fún ìpolówó, kò sì sí ẹ̀tàn tí kò lè ṣe fún kámẹ́rà. Ike ni yìnyín tó ń kó sínú ife. Ọṣẹ ló fi ń ṣe ìfófòó bíà. Gilisẹríìnì ni omi tó máa ń sẹ̀ sára gíláàsì nínú fọ́tò rẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì ló fi ń wọ́n ọn síbẹ̀. Tó bá sì kan mílíìkì, gọ́ọ̀mù funfun ló ń lò.

Gọ́ọ̀mù yìí ló lé ìyàwó rẹ̀ kúrò nílé. Obìnrin náà ti òde dé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, ó sì rí ife mílíìkì lórí tábìlì. Ó béèrè bóyá mílíìkì gidi ni. Ọkọ rẹ̀ tẹjú mọ́ kámẹ́rà, ó ní òun ni. Nígbà tí ìyàwó fọ ẹnu tán, ó di ẹrù rẹ̀, ó gba ilé bàbá rẹ̀ lọ.

Bàbá náà ti fẹ̀yìn tì. Iṣẹ́ tó fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe ni kó máa tọ́ ọtí wò fún àwọn oníṣòwò ńláńlá, ahọ́n rẹ̀ kì í sì gba gbẹ̀rẹ́. Àna rẹ̀ wá bẹ̀bẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ títí. Nígbà tó yá ni bàbá wí pé, "Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Lọ mú ohun kan ṣoṣo tó jẹ́ ojúlówó wá látinú ilé yẹn, kí o wá mú ìyàwó ẹ."

Ọkùnrin náà wo inú ilé yíká. Aṣọ ni òdòdó orí tábìlì. Páálí ni àwọn ìwé olówó ńlá tó tò sí ara ògiri. Ilé wá dákẹ́ jù fún un, kò sì sí ẹni tí ì bá bá jà. Àárò obìnrin náà ń sọ ọ́ gan-an.

Ìgbà yẹn ni aṣojú ilé-iṣẹ́ ọtí kan wọlé dé. Ó fa ìgò kan yọ nínú àpò ọ̀rá tí búrẹ́dì wà nínú rẹ̀, ó sì gbé e kalẹ̀ sí etí tábìlì gan-an. Ayafọ́tò sáré dì í mú.

"Màdáámú, tó bá ṣubú ńkọ́?"

Aṣojú náà rẹ́rìn-ín. "Ọ̀gá fọ́tò, ẹ fẹ́ràn ẹ̀ ju àwa tá a ni ín lọ. Ọtí tuntun wa nìyẹn, tó pẹ́ nínú àgbá. Kò tíì dé ọjà. Ẹ ṣí i, ẹ bù ú sínú ife, kẹ́ ẹ yà á kó wọ aráyé lójú. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tọ́ ọ wò o."

Ahun, ni ọkùnrin náà sọ nínú ara rẹ̀.

Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ife gíláàsì kì í fẹ́ kí wọ́n tan iná sí òun lójú. Ẹni tó bá dán an wò, imú ara rẹ̀ ló máa bá lára ife nínú fọ́tò. Ó gbé iná sí ẹ̀yìn aṣọ funfun kan, ó to ife mẹ́ta síwájú rẹ̀, ó sì na páálí dúdú sí ọ̀tún àti òsì kí etí ife lè yọ kedere. Ó fi aṣọ nu ìka ọwọ́ rẹ̀ kúrò lára ìgò. Ó wá mú un láti ṣí i, ó sì dáwọ́ dúró.

Ó gbé e padà sáàyè rẹ̀ pẹ̀lú èdìdì lórí, ó lọ sí ilé ìdáná, ó se tíì. Ó ń fi omi là á díẹ̀díẹ̀, ó ń gbé e wò níwájú iná pẹ̀lú ìgò. Nígbà tó ṣe é tán, òun gan-an kò mọ ìyàtọ̀ àwọ̀ wọn mọ́. Inú rẹ̀ dùn sí ọwọ́ ara rẹ̀. Ó bu tíì sínú ife mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó ya fọ́tò rẹ̀ tán, ó sì gbé ìgò lọ sílé àna.

Bàbá gbé ìgò sókè sí ojú fèrèsé, ó fi àtàǹpàkò pa èdìdì rẹ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ó ní kí àna òun jókòó.

Ìyàwó kò tíì jókòó. "Ṣé ẹ ò rọ nǹkan míì sínú ẹ̀?"

"Wo èdìdì ẹ̀. Ọwọ́ mi ò kan inú ẹ̀ rárá."

"Ẹ búra."

"Tí kì í bá ṣe ojúlówó, má padà wá bá mi mọ́ láé."

Tìgboyà-tìgboyà ló fi sọ ọ́. Ó pẹ́ gan-an tí òtítọ́ ti dùn lẹ́nu rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

"Ó dáa," ni bàbá wí. "Àwọn tá a jọ ṣiṣẹ́ ń bọ̀ wá kí mi lọ́la. Ojú wọn la máa ti ṣí i."

Ní ọjọ́ kejì, aṣojú ilé-iṣẹ́ ọtí wá wo fọ́tò. Ó wò ó títí, ó mi orí. "Ó dà bíi kéèyàn nawọ́ gbé e mu. Ṣé ìgò yẹn ò le láti ṣí?"

"Kò le rárá, màdáámú. Bí mo ṣe ṣí i báyìí, òórùn ẹ̀ gba gbogbo ilé kan. Ọtí gidi ni ọtí gidi ń jẹ́."

Fóònù rẹ̀ dún. Ohùn bàbá ni, ẹ̀rín àwọn àgbàlagbà sì ń dún lẹ́yìn rẹ̀. "Àna mi, dúró lórí fóònù, mo fẹ́ kó o gbọ́ bó ṣe ń ṣí. Ìyàwó ẹ ti di ẹrù ẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà."

"Òórùn wo?" ni aṣojú náà bi í, tó ń nu omijé ẹ̀rín kúrò lójú, "ọtí gidi ṣì wà nínú àgbá, ọ̀gá fọ́tò. Tíì la rọ sínú ìgò yẹn."