Àwọn Tó Dáwó fún Olùdíje

Olùdíje ju ìwé sórí tábìlì akọ̀wé àjọ ìdìbò bí ẹni ju eegun sájá.

Kò kí obìnrin náà. Kò tilẹ̀ wo ojú rẹ̀.

Ó fẹ̀ sórí àga bí ẹni tó ti wọlé ìbò.

"Ẹ ní ká kọ orúkọ gbogbo ẹni tó dáwó ìpolongo fún wa. Irínwó èèyàn rèé. Mílíọ̀nù kan ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn mú wá, gbogbo wọn ló sì fọwọ́ sí i."

Akọ̀wé ti jígí ojú rẹ̀ sókè, ó ń ka orúkọ lọ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan.

"Ṣé ẹ mọ̀ wọ́n, sà?"

"Bí ẹni mowó!"

"Ìyá tó wà ní ìlà kejìlélógún yìí ńkọ́?"

"Háà, ìyá yẹn! Olówó ni. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé mílíọ̀nù rẹ̀ wá sílé mi. Ẹkún ló ń sun, ó ní èmi nìkan ni ìrètí òun."

Kò ṣẹ́jú. Irọ́ ń ṣàn lẹ́nu rẹ̀ bí omi.

Akọ̀wé yí káàdì iṣẹ́ tó wà láyà rẹ̀ sí i.

"Ẹ ka orúkọ mi, sà."

Ó kà á. Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu rẹ̀.

"Èmi ni ìlà kejìlélógún. Mi ò fojú kan mílíọ̀nù rí. Lóṣù tó kọjá, ẹ pín jígí ọ̀fẹ́ lẹ́nu ọ̀nà ọjà, ẹ ní kí gbogbo ẹni tó bá gbà á fọwọ́ síwèé. Ìwé ọ̀hún lẹ gbé wá yìí.

"Jígí yín náà ni mo fi ń kà á."