Iná Àwọ̀ Ewé Lórí Ẹyin Tútù

"Bí ètò rẹ bá wá fáìlì yẹn tì ńkọ́?"

"Á máa bá iṣẹ́ ẹ̀ lọ."

"Pẹ̀lú nọ́ńbà wo?"

"Èyí tí mo fi dán an wò nílé. Ó wà nínú ẹ̀."

"Nígbà tí àpótí ṣófo! Ta ló máa wá sọ fún ẹ pé nǹkan ti bàjẹ́?"

"Ọ̀rẹ́, ètò tèmi kì í ké bí ọmọ ọwọ́."

"Òkú náà kì í ké."

Ẹ̀yin tí ìtàn yìí bá tẹ̀ lọ́wọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dúró lágbedeméjì. Ẹ kà á dé ìsàlẹ̀ pátápátá kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn.

Ọkùnrin tó ń fọ́nnu yìí, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló kọ́. Mọ̀ọ́tán ni àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ń pè é, ó sì gbà pé oríkì ni. Adìyẹ ni ẹ̀gbọ́n yìí ń sìn, irú kan tí ìyá wọn fi ogún ọdún ṣà lẹ́ṣà kó tó kú. Ṣùgbọ́n iná jó ilé adìyẹ náà, ẹyọ kan kò ṣẹ́kù. Ọ̀ọ́dúnrún ẹyin tí wọ́n ti kó sínú àpótí ìsàba lọ́jọ́ tó ṣáájú nìkan ló kù sí i lọ́wọ́. Bí wọ́n bá di òròmọdìyẹ, iṣẹ́ ìyá wọn ṣì wà láyé. Bí wọn kò bá dì í, ó parí.

Mọ̀ọ́tán ló kọ ètò tó ń darí àpótí náà. Láràárọ̀, ètò yìí á kọ́kọ́ ka fáìlì kékeré kan tí ìlànà wà nínú rẹ̀: kí ooru jẹ́ díígírì mẹ́tàdínlógójì ó lé díẹ̀, kí ẹyin máa yí. Bí kò bá rí i, ó yẹ kó figbe ta, kó sì di ìlànà àná mú. Ìlà mẹ́ta péré ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní kó fi kún un. Ó ní òun kò ráyè. Ó tilẹ̀ yọ tẹmómítà onígíláàsì kúrò lára àpótí: "Ẹrù àtijọ́!"

Ọjọ́ kejìlá tí ẹyin ti wọ àpótí. Àlejò ń bọ̀ wá wo ètò náà. Mọ̀ọ́tán fẹ́ kí ojú kọ̀ǹpútà mọ́ tónítóní, ó bá kó gbogbo fáìlì tó wà káàkiri sínú fódà tuntun. Fáìlì ìlànà bá wọn lọ. Àlejò pàtẹ́wọ́, wọ́n lọ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ètò wá fáìlì, kò rí i. Kò ké. Ó mú nọ́ńbà tí Mọ̀ọ́tán fi dán àpótí òfìfo wò, díígírì mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ó sì tan iná àwọ̀ ewé tó túmọ̀ sí pé òun wà lẹ́nu iṣẹ́.

Ọjọ́ kẹrìnlá. Màmá àgbàlagbà kan, òṣìṣẹ́ tó ń tọ́jú ẹyin, gbé ẹyin kan lé ìpéǹpéjú rẹ̀, torí bí àwọn àgbà iṣẹ́ náà ṣe ń wọn ooru nìyẹn. Ó mú òmíràn, ó gbé e lé e.

"Ọmọ mi, ẹyin yìí tutù," ló wí fún Mọ̀ọ́tán.

"Màmá, àwọ̀ wo ni iná yẹn?"

"Àwọ̀ ewé."

"Ó tán!"

"Ẹyin ò mọ àwọ̀ ewé, ọmọ mi. Ooru ló mọ̀."

Bí Ẹ̀gbọ́n ṣe wọlé, Mọ̀ọ́tán yíjú sí i. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dájọ́. Ṣé èmi lẹ máa gbọ́ ni, àbí ìpéǹpéjú?"

Ẹ̀gbọ́n wo Màmá. Ó wo àbúrò tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tọ́. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká gbà á gbọ́."

Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún. Ọ̀rọ̀ Màmá kò kúrò lọ́kàn Mọ̀ọ́tán. Ó ti ilẹ̀kùn, ó yẹ ètò wò. Mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n! Ó dá fáìlì padà sí ààyè rẹ̀, ooru bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Ó nu òógùn, ó jáde, ó ń súfèé. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin ará, ṣé ẹ rí i? Ètò náà jọ ẹni tó kọ ọ́.

Ọjọ́ kẹrìndínlógún. Bàbá àgbà kan tó ń sin adìyẹ pe Ẹ̀gbọ́n lórí fóònù. "Akùkọ kan àti àgbébọ̀ mẹ́rin tí ìyá yín fún mi, irú-ọmọ wọn ṣì wà lọ́dọ̀ mi. Mò ń kó kúrò nílùú lọ́la. Ṣé kí n gbé wọn wá, àbí kí n fà wọ́n fún alápatà?"

Ẹ̀gbọ́n fi ọwọ́ bo fóònù. "Àbúrò mi, mi ò nílé tí màá kó wọn sí. Ṣé àwọn ẹyin wa wà dáadáa?"

Mọ̀ọ́tán nawọ́ sí iná àwọ̀ ewé.

"Wọ́n wà dáadáa."

"Bàbá, ẹ ṣeun. Ẹ fà wọ́n fún un."

Ọjọ́ kọkànlélógún, tí ẹyin máa ń pa. Gbogbo wọn yí àpótí ká. Kò sí èèpo tó sán. Lọ́jọ́ kejì rẹ̀, kò sí. Lọ́jọ́ kẹta rẹ̀, Màmá gbé ẹyin sétí. "Kò sẹ́ni nílé," ló wí. Ẹ̀gbọ́n fọ́ ọ̀kan, ó fọ́ òmíràn, ó fọ́ ogún. Òkú ni gbogbo wọn, ìyẹ́ kò tíì bò wọ́n tán.

"Ìgbà wo lo mọ̀?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ..."

"Ìgbà wo?"

"Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún."

"Nígbà tí bàbá yẹn wà lórí fóònù, o ti mọ̀."

Mọ̀ọ́tán dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ẹ̀gbọ́n ti ń pe bàbá. Kò pẹ́ lórí fóònù. Alápatà kì í fi adìyẹ ṣe ọ̀ṣọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ ètò, tí ẹ ń tún ẹ̀rọ ṣe, tí ẹ ń bójú tó ohun ẹlòmíràn: ẹ jẹ́ kí iṣẹ́ yín lè ké nígbà tó bá kùnà. Ẹ̀yin fúnra yín náà, ẹ yára ké. Àṣìṣe ọjọ́ mẹ́ta pa ẹyin. Ìdákẹ́jẹ́ ọjọ́ kan pa ìran adìyẹ tán. Kékeré là á ti í pẹ̀ka ìrókò. Bó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́.

Ẹ̀gbọ́n kò pa òwe kankan lọ́jọ́ náà. Ó gbé báàgì rẹ̀, ó ré àbúrò rẹ̀ kọjá nílẹ̀, ó dé ẹnu ọ̀nà.

"Bí o bá dìde, pa àpótí yẹn. Kò sí ohun tó ń móoru fún mọ́."