Àgbò Tó Ń Dúró Létí Gọ́tà

Dókítà Ìbídùn ti fẹ́ràn àgbò náà kó tó rántí pé Iléyá ti sún mọ́lé. Nabeelah, ọ̀dọ́bìnrin kan tó ń ta aṣọ ní Táíwò Road, ló fi kẹ̀kẹ́ Màrúwá gbé e wá sílé ìwòsàn ẹranko, ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ kan ń ṣẹ̀jẹ̀.

“Àgbò bàbá mi àgbà ni, ma,” ló wí. “Kẹ̀kẹ́ kan sáré já wọ àdúgbò wa ní Pàkátà. Àgbò yìí bọ́ síwájú ẹ̀, páànù ara kẹ̀kẹ́ sì gé e lẹ́sẹ̀. Bàbá wà lẹ́yìn ẹ̀, nǹkan kan ò ṣe wọ́n.”

“Àgbò wo ló ń bọ́ síwájú kẹ̀kẹ́?” Bámidélé, tó ń bá Ìbídùn ṣiṣẹ́, béèrè. “Olórí kunkun lèyí.”

Iṣan tó gbé ẹsẹ̀ náà dúró ti já. Ìbídùn rán an pọ̀, ṣùgbọ́n irú iṣan bẹ́ẹ̀ kì í tètè jinná, ọ̀pọ̀ ẹran ló sì máa ń tiro títí ayé. Ohun tí Ìbídùn ń ṣèwádìí lé lórí nìyẹn. Ó máa ń fa ẹ̀jẹ̀ ẹran náà fúnra rẹ̀, á fi ẹ̀rọ yí i títí apá tó ń mú ara jinná yóò fi yọ sọ́tọ̀, á sì fi abẹ́rẹ́ gún un padà sójú ibi tó já.

“Ara wọn loògùn wà,” ló máa ń wí. “Èmi kàn ń bá wọn gbé e dé ibi tó yẹ ni.”

Àgbò náà gba abẹ́rẹ́ bí àgbàlagbà. Tí wọ́n bá gún un tán, á ti imú bọ àpò Ìbídùn, á máa wá ẹ̀pà. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, kò sẹ́ni tó di okùn rẹ̀ mú tí kò ní ṣíwájú onítọ̀hún. Bámidélé ní òun ò mọ èyí tó ń da èkejì.

Àáfà Yàhàyá tó ni àgbò kò wá rí. Fóònù ló fi ń pè láràárọ̀.

“Ṣé á ti máa rìn dáadáa kí Iléyá tó dé?”

“À ń gbìyànjú, Bàbá. Mo ti fi fọ́tò ojú egbò ránṣẹ́ sí yín.”

“Fẹnu sọ ọ́ fún mi, ọmọ mi. Èmi kì í wo fóònù.”

Ìbídùn rẹ́rìn-ín. Bàbá tirẹ̀ náà ní Ọ̀mù-Àrán kì í wo fóònù. Ó ṣàlàyé bí egbò ṣe ń pa dé, bàbá náà sì ń fetí sílẹ̀.

“Máa fi sùúrù ṣe é. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ Iléyá, kí n tó lọ kírun ní Yídì, mo fẹ́ kó wà lọ́wọ́ mi, inṣá Allahu.”

Nígbà tí Ìbídùn sọ èyí fún Bámidélé, ó mi orí.

“Dókítà, ẹran tó bá ń tiro, wọn kì í fi ṣe Iléyá. Tẹ́ ẹ bá wo ẹsẹ̀ ẹ̀ sàn, ọ̀bẹ lẹ bá wọn pọ́n yẹn.”

Ọ̀rọ̀ náà dun Ìbídùn gan-an. Iṣẹ́ rẹ̀ ń lọ geere, kò sì lè yọ̀.

Ẹsẹ̀ náà jinná. Àwòrán tí wọ́n fi ẹ̀rọ yà fi hàn pé iṣan ti so pọ̀ dáadáa, àgbò sì ń sáré kiri ọgbà. Ohun kan ṣoṣo ló kù. Bó bá dé etí gọ́tà tó wà níwájú ilé ìwòsàn, á dúró gbagidi, á bojú wẹ̀yìn, kò sì ní fò ó àfi tí ẹni tó di okùn rẹ̀ mú bá kọ́kọ́ kọjá. Ìbídùn lóṣòó, ó tẹ ẹsẹ̀ náà wò lókè nísàlẹ̀. Àgbò kò tilẹ̀ mira.

“Ó ṣì ń dùn ún níbì kan,” ló wí, ara rẹ̀ sì fúyẹ́. Ó pe bàbá náà lójú ẹsẹ̀.

“Bàbá, kò tíì sàn tán. Tó bá ti dé etí gọ́tà, dídúró ni. Bóyá kí ẹ wá òmíràn fún Iléyá.”

“Ó ń dúró létí gọ́tà?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

“Ní gbogbo ìgbà?”

“Kì í yẹ̀ ẹ́, Bàbá.”

Àáfà bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́.

“Àlùhámúdùlílàhí. Ó ti sàn nìyẹn, ọmọ mi. Nabeelah á wá mú un.”

Nabeelah wá lóòótọ́, ó mú un lọ. Ìbídùn rò ó títí, ó lọ sọ́jà, ó ra àgbò mìíràn tó tóbi jù ú lọ, kí ó lè fi ṣe pààrọ̀. Bámidélé fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ Iléyá, òun náà ló bá a di àgbò tuntun náà mú nínú kẹ̀kẹ́ títí wọ́n fi dé Pàkátà. Nabeelah wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wé ìbòrí rẹ̀.

“Ẹ káàárọ̀, ma. Bàbá ti jáde, wọ́n ti ń lọ sí Yídì.”

“Àgbò náà ńkọ́?”

“Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ lọ.”

Ìbídùn ní kí oníkẹ̀kẹ́ sáré, àgbò tuntun ń ké, aláṣọ funfun ń yà fún wọn lọ́tùn-ún lósì.

Ibi tí ọ̀nà ti yà sí Yídì ni wọ́n ti bá wọn: àgbò náà ti dúró gbagidi létí gọ́tà, ó bojú wẹ̀yìn, Àáfà Yàhàyá, tí ojú rẹ̀ méjèèjì ti fọ́, rọra fi àtẹ́lẹsẹ̀ wá òdìkejì kàn, ó gbé ẹsẹ̀ kọjá, ó fọwọ́ ta okùn náà díẹ̀, ó sì ní, “Mo ti kọjá, ọ̀rẹ́ mi, ó yá, máa mú mi lọ.”