Bàtà Tó Bá Ìrìn Àfísù Mu

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ ni Alàájì Tìjání kéde pé òun ti ra bàtà ìsáré kan bọ̀ láti Èkó, ojúlówó, irú èyí tí àwọn òyìnbó fi ń sáré, òun sì máa fi ta ẹnì kan lọ́rẹ ní Òmù-Àrán. Ẹni náà ló máa wọ̀ ọ́ lọ sí eré ìje ní Ìlọrin. Bó bá sáré dáadáa, iṣẹ́ ń dúró dè é ní ilé-iṣẹ́ Alàájì ní Èkó. Kìkì pé bàtà náà gbọ́dọ̀ bá ìrìn ẹni tó máa wọ̀ ọ́ mu.

"Bàtà tí kò bá ìrìn èèyàn mu, orúnkún ló ń bà jẹ́," Alàájì ṣàlàyé. "Mo kà á nínú ìwé."

Ta ló máa bá ìwé jiyàn? Ọdún tí gbogbo ìlú ń tò sórí ìlà nítorí ọṣẹ àti ṣúgà nìyẹn, tí owó epo tí a ń ná bí ẹni pé kò ní tán ti wá tán. Alàájì pàápàá kò yọ sílẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ tó rà nígbà tí owó dùn, tí ariwo rẹ̀ kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ládùúgbò gbàgbé ẹni tó ní iná, ti dákẹ́ láti ìgbà òjò. Àtùpà ni wọ́n ń tàn níbẹ̀ báyìí. Àwọn aládùúgbò ní ó ti bàjẹ́, wọ́n bá a kẹ́dùn, wọ́n sì lọ rẹ́rìn-ín nílé. Alàájì kò sọ pé ó bàjẹ́, kò sì sọ pé kò bàjẹ́. Kàkà kó wá ẹni tó máa tún un ṣe, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìnkùlé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ló ní kí bíríkìlà fọ́, kó tún un rẹ́.

"Owó ń da Alàájì láàmú," ni Àfísù wí nígbà tó gbọ́. Ó jẹun yó lọ́jọ́ náà.

Kò sí ẹni tí ọ̀rọ̀ bàtà yìí wọ̀ lára tó Àfísù. Ilé-iṣẹ́ aṣọ kan ní Kàdúná ló dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́, ló bá padà wálé pẹ̀lú àpótí kan àti ìgbéraga tí kò gba inú àpótí. Nǹkan kọ́kọ́ le fún un. Àmọ́ láti ìgbà òjò, ẹran ń wọ ìkòkò Suwebat ìyàwó rẹ̀, ìró tuntun sì wà nídìí rẹ̀. Àfísù ní ilé-iṣẹ́ Kàdúná ló rántí òun, ló fowó ránṣẹ́. Àwọn tí kò mọ orúkọ rẹ̀ nígbà tó wà lọ́dọ̀ wọn ló wá rántí rẹ̀ nígbà tó kúrò. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí irú wọn pọ̀.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló fi ń yangàn. Àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ya kúrò lára àwọn ìka yòókù, ó kọjú síbi tó wù ú. Àfísù ní kò sí irú rẹ̀ ní gbogbo ilẹ̀ Ìgbómìnà, ibẹ̀ gan-an sì ni eré òun wà. Awọ ẹsẹ̀ náà bó nígbà òjò. Ó ní ajílẹ̀ oko ló jẹ ẹ́, Suwebat sì ń fi òrí pa á títí ó fi san.

"Bàbá Fulera, bí bàtà náà ò bá wá gbà yín ńkọ́?" Suwebat bi í.

"Ẹsẹ̀ tèmi ni wọ́n wò kí wọ́n tó gbé e wá," ni Àfísù dáhùn.

Lọ́jọ́ ìdánwò, àgbàlá Alàájì kún. Wọ́n ti da iyanrìn tútù sílẹ̀. Alàájì fúnra rẹ̀ ló fi ọwọ́ méjèèjì gbé páálí bàtà jáde, ó ń mí gúlegúle, ó gbé e lé orí àga, ó sì fi aṣọ funfun bò ó. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga náà ni Ọlágúnjú jókòó sí, kóòṣì tí Alàájì pè láti Ìlọrin. Ikùn rẹ̀ tóbi, bàtà dúdú rẹ̀ wúwo, eré kan ṣoṣo kò hàn lára rẹ̀.

Sámúẹ́lì, tíṣà ilé-ẹ̀kọ́, ló kọ́kọ́ tẹ iyanrìn. Alàájì wo ojú ẹsẹ̀ rẹ̀, ó mi orí.

"Kì í ṣe tìẹ. Máa lọ, kí o máa dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run."

Ohun kan náà ló sọ fún Abdulrasaq àti àwọn tó tẹ̀ lé e. Wọ́n rò pé yẹ̀yẹ́ ló ń fi wọ́n ṣe.

Nígbà tó kan Àfísù, Alàájì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo iyanrìn náà pẹ́. Ó pe Ọlágúnjú, òun náà wọ jígí ojú. Wọ́n ní kí Àfísù rìn, ó rìn. Wọ́n ní kó sá, ó sá. Lẹ́yìn náà ni Alàájì ní kí wọ́n gbé àpò sìmẹ́ńtì kan lé e lórí.

"Ìwé ní ẹrù ló ń fi bí ẹsẹ̀ ṣe ń tẹlẹ̀ hàn," ó wí.

Àfísù gbé e sáré yí àgbàlá ká bí ẹni gbé igbá lérí. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́.

"O mọ ẹrù gbé," ni Ọlágúnjú wí. "Ṣé o lè gbé e dé ìlú Agbamu?"

"Mo ti gbé èyí tó wúwo jù ú lọ débẹ̀ rí, sà, mi ò sọ̀ ọ́ lójú ọ̀nà."

Ọlágúnjú mi orí bí ẹni tí ìrìn àjò rẹ̀ láti Ìlọrin kò já sásán. Ó dìde, ó lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Bàtà ti rí ẹlẹ́sẹ̀," Alàájì kéde. "Jókòó, Àfísù. Na ẹsẹ̀ ọ̀tún."

Inú Àfísù dùn débi pé omi lé rò-rò sójú rẹ̀. Suwebat ti ń gbọ́ ìkíni lọ́wọ́ àwọn obìnrin, Àfísù sì ti ń wo ara rẹ̀ ní Èkó. Ó na ẹsẹ̀.

Alàájì ká aṣọ funfun kúrò, ó ṣí páálí: kò sí bàtà níbẹ̀, àfi òkúta sìmẹ́ńtì pẹlẹbẹ kan tí bíríkìlà rọra gé jáde lára ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìnkùlé, ojú ẹsẹ̀ ọ̀tún kan wọ inú rẹ̀ ṣinṣin, àtàǹpàkò rẹ̀ ya sọ́tọ̀, bí ẹni tó gbé jẹnẹrétọ̀ lọ ṣe tẹ̀ ẹ́ nígbà tí sìmẹ́ńtì ṣì tutù, Alàájì sì rọra gbé ẹsẹ̀ Àfísù, ó fi sínú rẹ̀, ó sì bá a mu rẹ́gí.